Kì Í Ṣe Òtútù Ló La Páìpù Náà

Èmi ni mo la páìpù yẹn. Kì í ṣe òtútù, kì í sì í ṣe ìgbàgbé Dádì. Sípánà ọwọ́ mi ni. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwáwí ni mò ń bọ̀ wá ṣe.

Dádì kì í ṣe bàbá mi. Àwọn àti ìyàwó wọn, tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa ń pè ní Mọ́mì, ló gbà mí sílé nígbà tí mo dé Maryland, tí ẹni tó ní kí n máa bọ̀ kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Camp Springs ni ilé wọn wà, níbi tí bàálù àwọn sójà ti máa ń kọjá lórí òrùlé, tí a ó fi dákẹ́ ọ̀rọ̀ títí á fi lọ. Ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ ni kámpà Dádì wà. Ilé kékeré onítáyà ni, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ fà kiri, ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní sítóòfù, ó sì ní ibi ìfọwọ́ tí kò ju igbá ìmumi lọ. Dádì rà á nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, pé àwọn máa fi yí Amẹ́ríkà ká. Kò pẹ́ rárá tí àìsàn fi rọ apá òsì wọn. Ara wọn bọ̀ sípò díẹ̀, ṣùgbọ́n kámpà kò kúrò lójú kan mọ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n ní kí n máa gbé.

Tó bá di Sátidé, Dádì á wá kan ilẹ̀kùn, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n á máa wo ìta bí ẹni pé àwọn igi ẹ̀yìnkùlé ń sáré kọjá.

"Ọ̀gá fọkanáísà," wọ́n á ní, torí mo ti sọ fún wọn pé iṣẹ́ táyà ni mo kọ́ n'Ìbàdàn lẹ́yìn tí ìwé ò lọ mọ́, "ibo la dé báyìí?"

"A ti ń wọ Texas, sà."

"Rọra o. Ọlọ́pàá ibẹ̀ kì í ṣàwàdà."

Nígbà tí ooru dé, ẹ̀rọ omi ibi ìfọwọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Tó. Tó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní mo sọ fún Dádì lọ́jọ́ náà ni, nǹkan yẹpẹrẹ ni. Wọ́n mọ gbogbo inú kámpà yẹn bí ẹni mọ àpò ara rẹ̀. Mọ́mì náà kì í yé béèrè tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọn dé: "Ṣé kò sí nǹkan tó ń yọ ẹ́ lẹ́nu níbẹ̀ yẹn?" Èmi á dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, màá ní, "Kò sí o, mà. A dúpẹ́." Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé wa ni pé ẹni tí wọ́n gbà sílé kì í sọ fún onílé pé òrùlé ń jò. Mo pè é ní ọmọlúàbí.

Mo bá ki orí bọ abẹ́ ibi ìfọwọ́ fúnra mi. Ike ni gbogbo nǹkan ibẹ̀. Ọwọ́ lásán ló yẹ kí ènìyàn fi yí nọ́ọ̀tì abẹ́ ẹ̀rọ náà, mi ò sì mọ̀. Lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, a kì í gbà pé nọ́ọ̀tì ti le títí sípánà á fi ké. Mo ti èjìká sí i. Nǹkan kan dún, kọ́, bí ìgbà tí èèyàn fi eyín pa ẹ̀kùrọ́, omi sì tú sí mi lójú. Mo sáré jáde lọ ti omi lára ògiri ilé, níbi tí ọ́ọ̀sì ti ń gbé omi wá sínú kámpà. Nígbà tí mo padà, mo rí i pé ọrùn páìpù ti là.

Mo ṣe ohun tí mo mọ̀. Mo gé rọ́bà lára túùbù kẹ̀kẹ́ kan tí mo rí, mo fi dì í yíká, mo fà á le bí a ṣe máa ń ṣe nílé. Ó dúró. Kódà ẹ̀rọ òkè náà kò kán mọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọmọ Ìbàdàn ni mí.

Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni omi ń gbà jò lọ. Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni kápẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù lábẹ́ ẹsẹ̀. Mo fi téèpù lé rọ́bà, mo fi gúlù lé téèpù. Mo wo fídíò lórí fóònù, òyìnbó inú rẹ̀ ń yára sọ̀rọ̀, páìpù tiẹ̀ kò sì jọ tèmi. Mo gbé abọ́ síbẹ̀, mò ń dà á nù láàárọ̀ kí n tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí National Harbor, níbi tí mo ti ń fọ abọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì. Omi ni mo ń ki ọwọ́ bọ̀ lọ́hùn-ún látàárọ̀, omi náà ni mo sì ń padà wá bá. Nígbà míì mo máa ń rántí láti ti omi ara ògiri pa kí n tó jáde, nígbà míì mo máa ń gbàgbé. Ní Sátidé, màá fi àpótí mi lé ibi tí omi ti mú kí pákó ilẹ̀ rọ̀, kí Dádì má bàa tẹ̀ ẹ́.

Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já. Dádì wá láti tú omi inú páìpù dànù. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń ṣe é kí òtútù tó dé, torí omi tó bá kù sínú páìpù á di yìnyín, á sì là á. Wọ́n ti àpótí mi sẹ́yìn, wọ́n tẹ ilẹ̀, ẹsẹ̀ wọn sì jìn wọlé dé orúnkún.

Èmi àti Mọ́mì la fà wọ́n jáde. A gbé wọn jókòó sórí àga níta, Mọ́mì ń wo ẹsẹ̀ wọn.

"Sáré lọ ti omi yẹn!" ni Mọ́mì sọ fún mi.

Mo lọ tì í. Mo bá tún gba inú kámpà, mo gé rọ́bà àti téèpù náà kúrò kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i, mo kó o sápò. Ìgbà tí Mọ́mì wọlé pẹ̀lú iná fóònù wọn, páìpù tó là nìkan ni wọ́n rí.

"Dádì! Ṣé ẹ tú omi inú páìpù yìí dànù lọ́dún tó kọjá?"

"Mo tú u."

"Ẹ tú u, òtútù wá là á? Ó ti ń jò láti ìgbà yẹn nìyẹn!"

"Mo tú u, Màmá. Mo ṣí ìdí rẹ̀, mo..." Wọ́n wo ọwọ́ òsì wọn, wọ́n wá wo ojú mi. "Àbí mi ò tú u?"

Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

Mọ́mì kì í ṣe ìkà. Láti ìgbà àìsàn yẹn ni wọ́n ti ń ṣọ́ ìrántí ọkọ wọn, bí ìyá ṣe ń ṣọ́ ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Lójú wọn, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ti dé nìyẹn. "Ẹni tó gbàgbé omi á gbàgbé iná," ni wọ́n wí, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ Dádì. Dádì, tó ń fúnra wọn wa ọkọ̀ lọ sí ìpàdé àwọn bàbá, kò jiyàn. Mọ́mì pe àwọn kan, wọ́n wá fa kámpà lọ. Èmi tí mo ba nǹkan jẹ́, wọ́n fún mi ní yàrá nísàlẹ̀ ilé, Mọ́mì tún ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú pé ibi tí wọ́n fi mí sí ń jò.

Mo sọ fún Dádì lẹ́yìn náà. Àwa méjì péré la wà níwájú ilé, Mọ́mì wà níbi iṣẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dádì, èmi ni mo la páìpù yẹn. Sípánà ni mo fi là á. Ẹ tú omi yẹn dànù, ẹ ò gbàgbé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ yìí! Wọ́n kọ́ ẹ nílé. Ò ń gba ẹ̀bi àgbà rù."

"Òótọ́ ni, sà."

"Mo gbọ́. Dìde, ìwọ lọ́yà. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàbá mi rí." Wọ́n fọwọ́ kàn mí lórí. "Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí Mọ́mì ẹ gbọ́ irú ẹ̀. Wọ́n á ní mo ti ń kọ́ ẹ nírọ́."

Bí mo ṣe sọ òótọ́ nìyẹn, tó di ìwà ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Ó yé mi pé Mọ́mì ló dá Dádì lẹ́bi, ojú Mọ́mì náà ló yẹ kí n ti sọ ọ́, kí kọ́kọ́rọ́ lè padà sọ́wọ́ oní-nǹkan. Yàrá ìsàlẹ̀ yìí ni mo máa ń rò nígbà tí mo bá fẹ́ la ẹnu, àti ibi tí màá sùn tí wọ́n bá lé mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Mọ́mì ló ń wa ọkọ̀ báyìí. Èmi wà lẹ́yìn. Dádì jókòó síwájú pẹ̀lú Bíbélì lórí itan, tí iná bá sì ti pupa, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn á tẹ ilẹ̀ ọkọ̀, bí ẹni tó ń tẹ bíréèkì. Mọ́mì kì í rí i. Èmi máa ń rí i. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ lójú Mọ́mì yẹn ni mo jẹ wọ́n, mi ò sì tíì san án.