Ẹni Tó Jáde Láàárín Elégbè

Olùkọ́ wa sọ fún wa pé kí eré ìtàgé tó dé ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, orin ló kọ́kọ́ wà. Lọ́jọ́ ọdún òrìṣà ọtí wáìnì wọn, àádọ́ta ọkùnrin á dúró yí ká, wọ́n á máa jó, wọ́n á máa kọrin. Gbogbo wọn ló jọ ń kọ ọ́, elégbè ni gbogbo wọn. Ọjọ́ kan wá pé tí ọ̀kan nínú wọn jáde, ó kọjú sí àwọn yòókù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lóhùn bí ẹni pé òun gan-an ni ọba tí wọ́n ń kọrin nípa rẹ̀. Olùkọ́ ní ọkùnrin yẹn ni òṣèré àkọ́kọ́, àtọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo eré tí à ń wò lónìí ti bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo kíláàsì ń mirí. Èmi ò mirí. Àwọn mọ́kàndínláàádọ́ta tó kù ni mò ń rò. Kí ni wọ́n wí nípa rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ sílé? Ó dá mi lójú pé ẹnì kan wà nínú wọn tó mọ orin náà jù ú lọ, tí ohùn rẹ̀ sì dùn ju tiẹ̀ lọ, tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ilé ni kò jẹ́ kó jáde. Kò sẹ́ni tó kọ ìtàn ẹni yẹn sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Èmi lẹ́ran láyà dáadáa, ṣùgbọ́n òjòwú ni mí, mi ò ní purọ́. Èmi ni ọmọ kẹta nínú ọmọ mẹ́jọ. Nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wa, èmi kọ́ ni mo ń lé orin, ègbè ni mo ń gbè. Ní ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Camberwell, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, èmi ni mo ń wẹ aláìsàn, tí mo ń yí i sí ẹ̀gbẹ́, tí mo ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì, kí dókítà tó wọlé wá, kí aláìsàn sì wo dókítà lójú, kó ní "thank you." Ọdún mọ́kàndínlógún nìyẹn. Mi ò ráhùn. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí wọ́n wo èmi náà lẹ́ẹ̀kan péré.

Ara ògiri ibi tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́ ni mo ti rí bébà kan: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí eré ìtàgé àwọn Gíríìkì, ní àárọ̀ Sátidé, nínú gbọ̀ngàn àdúgbò kan lẹ́yìn Rye Lane. Níparí ẹ̀kọ́ náà, kíláàsì yóò ṣe eré kan bí àwọn Gíríìkì ti ń ṣe é. Mi ò fẹ́ dá lọ, ni mo bá mú àbúrò mi dání. A kì í ṣe ọmọ ìyá o. Wọ́ọ̀dù kan náà la jọ wà, mo fi ọdún mẹ́rìnlá jù ú lọ, "Aunty" ló ń pè mí. Mùsùlùmí ni mí, òun sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n ṣe sínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́, ṣùgbọ́n a jọ ń jẹun, a jọ ń wọ bọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ rántí pé èmi ni mo mú un lọ.

Òyìnbó tínrín kan ni olùkọ́ wa, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn wá láti Surrey Quays. Ó mú ìbòjú kan tó dà bí ojú eégún dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní nílé wa náà a ní irú nǹkan báyìí, àbí? Ó wò mí bí ẹni tó ń retí ẹ̀bùn. Mo sọ fún un pé ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ni wọ́n bí mi sí, mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ojú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn a rẹ́. Ó mọ ìtàn sọ. Ó ní òṣèré àwọn Gíríìkì kì í ju mẹ́ta lọ, ọkùnrin sì ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá ṣe ọba tán á wọlé lọ pààrọ̀ ìbòjú, á jáde gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ọba. Ó ní wọn kì í pa ènìyàn lójú àwọn òǹwòran. Ẹni tó bá máa kú, inú ilé tó wà lẹ́yìn ló ti ń kú, ìránṣẹ́ ni yóò wá ròyìn rẹ̀. Àbúrò mi fẹnu sí mi létí: "Aunty, it's like our ward. A máa ń fa curtain." Mo rẹ́rìn-ín. Títí di ọjọ́ yẹn, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ láìkù síbì kan.

Ní Sátidé kẹta, olùkọ́ mú eré tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní Gẹ̀ẹ́sì wá. Ayaba kan ní ìlú etí òkun ló rán ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ sójú ogun, nítorí ó ń jowú ògo tí ọmọ ẹlòmíràn gbà bọ̀. Àwọn ìyá àgbà ìlú ni elégbè. Olùkọ́ wò mí láàárín gbogbo èèyàn, ó ní bí òun ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ayaba náà, ohùn mi ni òun ń gbọ́. Ó ní ṣé màá ṣe é?

Inú mi dùn débi pé etí mi gbóná. Mo rẹ́rìn-ín, mo wolẹ̀, mo ní, "Ah, no, no. Me? Let other people do it."

Báwo ni kí n tún ṣe dáhùn? Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí wọ́n bá ní kí o wá jẹun, "Á gba ibi ire" lo máa wí, bí ebi tilẹ̀ ń pa ọ́ kú lọ. Wọ́n á tún pè ọ́, wàá ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Ìgbà kẹta ni wàá tó rọra lọ fọwọ́, wàá ní nítorí tiwọn ni o. Ẹni tó bá fọwọ́ ní ìpè àkọ́kọ́, ọ̀kánjúwà ni. Mo ti kọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé ojú sókè, mò ń retí ẹ̀ẹ̀kejì.

Olùkọ́ ní, "Oh. Okay, no problem." Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ mi. Àbúrò mi ní, "Yeah, I'll do it. Thank you."

Ó tán. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi, mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó bi mí: "Aunty, ṣé ẹ sure pé ẹ ò fẹ́ ẹ? I can tell him, honestly." Èmi náà wá dáhùn, "Rárá o, ìwọ ló bá mu." Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Mo wo ojú fèrèsé títí a fi dé ibi tí màá ti bọ́ọ́lẹ̀, kò bi mí mọ́. Fóònù rẹ̀ ló ń tẹ̀, ó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé wọ́n ti fi òun ṣe ayaba.

Wọ́n fi mí ṣe olórí elégbè, nítorí pé èmi ni mo dàgbà jù. Mo sọ fún ọmọbìnrin mi lórí fóònù, ó ní, "So, Mummy, backing singer ni yín?" Mo ní rárá, olórí ni mí. Ó ní, "Olórí àwọn backing singer." Mo pa fóònù.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ṣe é bí òjòwú. Tí àbúrò mi bá kí mi ní wọ́ọ̀dù, "hẹn" ni mò ń fi í dá lóhùn. Èmi ni wọ́n rán lọ ra aṣọ ní ọjà East Street, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ra aláwọ̀ amọ̀ tó ṣú fún ayaba, pé kò ní yẹ ẹ́. Ó wọ̀ ọ́, gbogbo kíláàsì ní ó dà bí ẹni tó ti pẹ́ lórí ìtẹ́. Mo sọ fún un níwájú gbogbo èèyàn pé ayaba kì í rìn bí ẹni tó ń sáré lé bọ́ọ̀sì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ tún ìrìn rẹ̀ ṣe, ó wá ń rìn bí ayaba lóòótọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Gbogbo òkò tí mo bá sọ lù ú, ọmọ yìí á ṣà á, á fi kọ́lé.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń mu tíì, mo gbé ìbòjú rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ̀. Ìwé ìròyìn àti lẹ́ẹ̀ la fi ṣe gbogbo wọn. Ti àwa elégbè méjìlá bára mu, torí olùkọ́ ní ojú kan ni elégbè ń ní. Tiẹ̀ nìkan ló yàtọ̀, ojú rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo dè é mọ́ra níwájú dígí, mo sì sọ ọ̀rọ̀ ayaba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣì ẹyọ kan. Mo mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Mo tú u, mo nu inú rẹ̀, mo dá a padà sórí tábìlì.

Òun náà mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi bẹ̀ mí pé kí n máa rán òun létí. Ibì kan wà nínú eré náà tó máa ń gbàgbé. Ìránṣẹ́ á ti ròyìn pé ọmọ ti kú, èmi olórí elégbè á sì bi ayaba pé, "Ìyá, kí ni kí a wí fún ọ?" Ó yẹ kó dáhùn pé, "Ẹ má bá mi kẹ́dùn. Èmi ni mo rán an." Bó bá gbàgbé, mo ní láti tún béèrè pé, "Ṣé kí a má bá ọ kẹ́dùn ni?" Ìyẹn á fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó máa fura. A ti ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà ìdánrawò. "Aunty, as long as ẹ wà níbẹ̀, I'm not scared," ó wí.

Ọ̀sán gangan la ṣe eré náà, torí ojúmọmọ ni àwọn Gíríìkì ń ṣe tiwọn. Orí àtẹ̀gùn kọnkéré lẹ́yìn àwọn fúláàtì ìjọba ìbílẹ̀ kan ni àwọn èèyàn jókòó sí, wọ́n ń wò wá nísàlẹ̀, bí àwọn Gíríìkì ti máa ń jókòó sára òkè. Ìyá àbúrò mi wà níwájú pátápátá. Ọmọ tèmi ní òun wà ní shift.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ti ń wa bọ́ọ̀sì rí ló ṣe ìránṣẹ́. Ó ròyìn tán, àwa elégbè yí ayaba ká, mo sì bi í pé, "Ìyá, kí ni kí a wí fún ọ?"

Kò dáhùn. Ó kọjú ìbòjú náà sí mi. Láti ibi tí mo dúró sí, mo ń rí ètè rẹ̀ nínú ẹnu ìbòjú, ó ń gbọ̀n. Mo mọ̀ pé ó ti gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ tí màá fi gbà á wà lórí ahọ́n mi. Mo pa ẹnu mi dé. Kì í ṣe pé mo gbàgbé, kì í sì ṣe pé ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ kí ó tẹ́. Mo fẹ́ kí gbogbo àwọn tó jókòó lórí àtẹ̀gùn yẹn mọ̀ pé ẹni tí kò tọ́ sí ni wọ́n fún. Ó ń wò mí, mo ń wò ó, mo sì dákẹ́.

Obìnrin kan tó ń gbé ẹrù ọjà kọjá dúró. Olùkọ́ fọwọ́ bo ẹnu. Ayaba rọra kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó jábọ́, ìbòjú náà kò sì yí padà, ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀, kò sí ohùn kankan tó ń jáde níbẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lókè. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́: "Ẹ má bá mi kẹ́dùn. Èmi ni mo rán an."

Nígbà tí a parí, gbogbo wọn dìde dúró fún un. Olùkọ́ ní òun ò rí irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, òun ò sì mọ bí a ṣe ronú kàn án.

Àbúrò mi tú ìbòjú, ojú rẹ̀ rin gbindin. Ó dì mọ́ mi lọ́rùn. "Aunty, I blanked. Mo ń wò yín, mo ń wò yín, ẹ ò sọ nǹkan kan. Mo wá mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n just stay there. Ẹ ti rí i before me." Ó fà mí lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. "Mummy, Aunty tí mo ń sọ nìyí. I forgot everything, àwọn ló ràn mí lọ́wọ́."

Mo kúnlẹ̀ kí ìyá náà. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, omi ṣì wà lójú wọn. Wọ́n gbá ọwọ́ mi méjèèjì mú, wọn ò jẹ́ kí n dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi. Wọ́n ní Ọlọ́run á san án fún mi lára àwọn ọmọ mi. Wọ́n ní, "Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yin náà bá dójú ẹ̀, tí ẹ bá ń wo ojú èèyàn, bí ẹ ṣe ṣe fún ọmọ mi ni wọ́n á ṣe fún yín."

Wọ́n dúró, wọ́n ń retí. Àbúrò mi ti ṣe tiẹ̀, ó ń wo ẹnu mi.

Mo ní, "Àmín."