Sàárà Kàlàbá

Èmi ni mo purọ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí mo mọ ara mi: bí mo bá kọ́kọ́ ṣàlàyé, àlàyé náà á gbè mí débi tí ẹ ó fi máa káàánú mi, ẹni tó yẹ kí ẹ káàánú á sì wà níbì kan tí ẹnikẹ́ni ò ní wò ó. Ẹni náà ni Àǹtí Rùkáyàt, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń ta síípù, bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ ní ọjà Ojúwòyè ní Mushin.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá mi kú, tí Àǹtí mú mi sọ́dọ̀. Obìnrin náà kì í purọ́. Mi ò sọ pé kò fẹ́ràn irọ́ o, gbogbo wa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kì í pa á. Bí télọ̀ bá mú síípù lórí àtẹ ẹ̀, tó bi í bóyá ó lágbára, Àǹtí á ní, "Èyí? Kò lè rí ọdún tó ń bọ̀. Mú ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀." Àwọn tí wọ́n jọ pàtẹ máa ń sọ pé orí ẹ̀ ò pé, ṣùgbọ́n àwọn télọ̀ ń ti Ṣómólú àti Costain wá ra ọjà lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo lá mílíìkì inú agolo tán, mo ní ológbò ni. Àǹtí ò nà mí. Ó gbé ológbò náà wá, ó gbé e ka iwájú mi, ó ní kí n bẹ̀ ẹ́ torí mo ti bà á lórúkọ jẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún ológbò lójú gbogbo ilé.

Lọ́dún yìí, iléeṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi àti Christianah, tá a jọ máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà gba àlejò, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé a máa lọ Kàlàbá. Ìlú àtijọ́ ni, ìlú orin, ìlú oúnjẹ. Christianah ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú fóònù: ilé tí àwọn òyìnbó ti ń ṣèjọba láyé ọjọ́un, tí wọ́n ti wá ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí; ibì kan létí odò tí wọ́n ti ń kọrin nírọ̀lẹ́ Sátidé; ilé oúnjẹ tí ìsáwùrú ti pọ̀ nínú ọbẹ̀ ju ẹ̀fọ́ lọ. Tá a bá ń jẹun ọ̀sán, a ò sọ ọ̀rọ̀ míì mọ́. A ti gba yàrá kan sílẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, torí àwọn tó ní méjì ti tán.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé nílé wa, èèyàn kì í ṣàdédé rìnrìn àjò. À ń lọ sìnkú, à ń lọ síbi ìgbéyàwó, à ń lọ síbi ìkómọ, à ń lọ rajà. Pé kí èèyàn kàn di báàgì, kó lọ jẹun nílùú tí kò ti ní ẹnì kankan, a ò bá a nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday kan, mo ti Yaba tí mo ń gbé wá kí Àǹtí bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ní, "Àǹtí, mo fẹ́ lọ Kàlàbá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún."

Ó gbójú sókè. "Kàlàbá kẹ̀? Ta lo ní níbẹ̀?"

Òótọ́ ti dé ẹnu mi. Àmọ́ mo wo ẹsẹ̀ ẹ̀ tó nà sórí àpótí, mo rí orúnkún ẹ̀ tó wú, ojú sì tì mí. Láti ìgbà tí mo ti mọ obìnrin yìí, mi ò rí ọjọ́ kan tó fi sinmi, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé mo fẹ́ lọ jayé? Mo ní, "Ọ́fíìsì ló rán mi. Wọ́n ní ká lọ kọ́ nǹkan níbẹ̀." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Inú ẹ̀ dùn débi pé ó dìde láìdi ògiri mú. "Ọmọ mi! Wọ́n rán ẹ níṣẹ́!" Ó ké sí Ááfà Yẹ̀kínnì tí yàrá wọn kọjú síra, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú lẹ́yìnkùlé, ó ní kó wá gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe. Lẹ́yìn tí Ááfà kí mi tán tó lọ, ó jókòó, ó wá sọ ohun tí kò sọ fún mi rí.

"Kàlàbá yẹn ni wọ́n bí mi sí, ṣé o mọ̀?"

Mi ò mọ̀. Ó ní akọ̀wé ni bàbá àwọn lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó ẹrù létí omi níbẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni òun nígbà tí ogun ń bọ̀, tí wọ́n kó àwọn wálé, wọn ò tíì bí ìyá mi nígbà náà. Ó rántí pé lọ́jọọjọ́ Sunday, àwọn onífèrè máa ń kọjá ládùúgbò, òun á sì tẹ̀ lé wọn títí ìyá òun á fi wá fi etí fà òun wálé. Ó rántí obìnrin kan tó ń rin ewùrà, tó ń fi ewé wé e tín-ín-tìn-tín sínú ìkòkò. "Òórùn ewé yẹn ṣì máa ń ta sí mi nímú tí mo bá ń ka bọ́tìnnì," ló wí. Ó wá ń fẹnu kọ orin kan tí ò lọ́rọ̀ nínú, ojú ẹ̀ dà bí ojú ọmọdé.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò padà lọ rí?"

"Ta ni mo fẹ́ lọ wò?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ká ní fàájì lò ń lọ ṣe ni, ǹ bá di báàgì tèmi náà ká jọ lọ. Àmọ́ iṣẹ́ niṣẹ́. Wọn kì í tẹ̀ lé ọmọ lọ síbi iṣẹ́."

Ibi tó yẹ kí n ti sọ òótọ́ nìyẹn. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" ni mo sọ.

Ó wù mí kí n sọ fún yín pé ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ̀rù kọ́. Bí mo ṣe ń padà lọ sí Yaba, mo ń rò ó pé orúnkún yẹn ò ní jẹ́ kó lè yára gun àtẹ̀gùn, pé á máa ná gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé síwájú wa, pé a ò ní lè pẹ́ níta. Mo fẹ́ sinmi, mo sì fẹ́ sinmi lọ́wọ́ òun náà. Ẹni tó tọ́ mi dàgbà. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Nígbà tí mo ròyìn ẹ̀ fún Christianah, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. "Babe, bẹ́ẹ̀dì kẹta ń bẹ níbẹ̀ now! Jọ̀ọ́, lọ sọ fún màmá yẹn. Èmi gan-an á bá wọn gbé báàgì." Mo ní màá sọ. Monday kọjá, Tuesday kọjá. Tí Àǹtí bá pè, á bi mí bóyá ọ̀gá mi ti fún mi níwèé tí màá kà kí n tó lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá purọ́ á jalè. Bẹ́ẹ̀dì kẹta yẹn ni èmi jí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ní kí n yà lọ́dọ̀ òun kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Bí mo ṣe dé ẹnu géètì ni mo gbóòórùn òróró. Ó ti dín àkàrà kún abọ́ ńlá méjì, ó fẹ́ fi ṣe sàárà kí ìrìnàjò mi lè dára. Àwọn ọmọ kéú ti tò, Ááfà Yẹ̀kínnì ti ṣí ọwọ́ méjèèjì.

"Ọlọ́run, iṣẹ́ tí wọ́n rán Jameelah, jẹ́ kó jẹ́ ẹ láṣeyọrí."

"Àmín!"

"Ọ̀gá tó rán an, gbé e ga."

"Àmín!" Ọ̀gá wa, tí kò mọ̀ ju pé mo fẹ́ lọ sinmi lọ, ni wọ́n ń dá lọ́lá báyìí.

"Ẹni tó bá fẹ́ fi irọ́ ba ọ̀nà ẹ̀ jẹ́, dójú tì í."

Àwọn ọmọ pariwo àmín. Àǹtí rí i pé ẹnu mi ò mira, ó fi ìgbúnwọ́ gún mi. "Ṣàmín, kí lò ń wò?" Mo ṣàmín. Wọ́n fún mi ní àkàrà méjì, gbígbóná, mo jẹ ẹ́.

Nígbà tí àwọn ọmọ tú ká, mo tẹ̀ lé e wọlé níbi tó ti ń fọ òróró kúrò lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀. "Àǹtí, ọ́fíìsì ò rán mi. Fàájì ni mo ń lọ ṣe, èmi àti Christianah. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣẹ́ kù. Ẹ bá wa lọ, ẹ jọ̀ọ́."

Ó ń fọ ọwọ́. Ọwọ́ ti mọ́, ó ṣì ń fọ̀ ọ́.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Christianah nìkan."

"Mo ti sọ fún gbogbo ọjà pé wọ́n rán ẹ níṣẹ́. Ááfà ti ṣàdúrà, àwọn ọmọ ti jẹ sàárà. Tí wọ́n bá wá rí èmi náà tí mo gbé báàgì, kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ọ́fíìsì rán àǹtí ẹ náà? Wọ́n á mọ̀ pé irọ́ lo pa. Orúkọ ẹ á bàjẹ́."

"Ẹ jẹ́ kó bàjẹ́, Àǹtí."

"Rárá o." Ó nu ọwọ́ ẹ̀ sára ìró. "Ká ní o sọ ọ́ lọ́jọ́ Sunday yẹn ni..." Kò sọ ọ́ parí. Mo retí kó bú mi. Inú mi ì bá dùn ká ní ó wá ológbò kan fún mi kí n kúnlẹ̀ fún. Ohun tó sọ ni pé kí n gbé báàgì ìrìnàjò mi wá kí n tó lọ, òun fẹ́ wo síípù ẹ̀.

Mo gbé e wá fún un lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ Wednesday tí mo wá dágbére, ó ti yọ síípù tí wọ́n rán mọ́ báàgì náà, ó ti fi òmíràn sí i. "Èyí lè lo ọdún mẹ́wàá," ló wí. Ó bá mi gbé e dé ìdí ọkọ̀ tó ń gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, ó ń tiro. Ááfà Yẹ̀kínnì jáde pẹ̀lú àwọn ará ilé tó kù.

"Ìyá Jameelah," Ááfà ní, "ṣebí ẹ ní ibẹ̀ ni wọ́n bí yín sí? Kí ló dé tí ẹ ò bá ọmọ yín lọ, kí ẹ fojú kàn án?"

Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Àǹtí di apá mi mú, ó fún un pinpin.

"Iṣẹ́ ló ń lọ ṣe, Ááfà," ó gbóhùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. "Wọn kì í tẹ̀ lé ọmọ lọ síbi iṣẹ́."

Ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ Sunday náà nìyẹn, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ni lẹ́nu ẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́rìnlélógún tó gbà mí tọ́, irọ́ àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ nìyí, ọ̀dọ̀ mi ló sì ti kọ́ ọ.

Ó pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé. "Ó yá, máa lọ, kí ọ̀gá ẹ má bínú," ló wí. Kò wo ojú mi.