Òrùka Fàdákà Lára Sítáǹpù

Òórùn gọ́ọ̀mù tó ti ń bu ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí bí wọ́n bá dárúkọ ìsàlẹ̀ òkè Màpó létí mi. Lásìkò òjò, páànù ọ́fíìsì wa níbẹ̀ a máa jò, tákàdá a sì tutù bí ewé ẹ̀kọ. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ agbo ilé mùsùlùmí ní Pópó Yemọja, la jọ ń ṣe akọ̀wé níbẹ̀. Èmi ń da ìwé àdéhùn àwọn ará ìlú kọ. Òun ló ń lẹ sítáǹpù ìjọba mọ́ ọn, tí yóò sì fi gègé fa igi lé e lórí, kí ẹnikẹ́ni má baà lè tún un lò.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òjò pọ̀ débi pé sítáǹpù inú àpótí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Ó ní òun fi ooru omi gbígbóná tú wọn, ni gọ́ọ̀mù bá bá a lọ, lòun bá fi ẹ̀kọ lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé. Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó ọ̀gá wa, rí ẹ̀kọ náà, ojú rẹ̀ sì yí padà. Lójú tirẹ̀, ara ìwé àtijọ́ ni wọ́n ti ṣí sítáǹpù wọ̀nyẹn, tí wọ́n fọ igi gègé rẹ̀ kúrò, tí wọ́n tún un tà. Ẹ̀wọ̀n ni ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti dá ọjọ́ yìgì ọ̀rẹ́ mi, àna rẹ̀ ti ń ra ẹní.

Ajẹ́lẹ̀ mọ̀ pé mo fẹ́ràn sítáǹpù àtijọ́. Tíṣà mi kan, àgbàlagbà Sàró, ló kọ́ mi bí a ṣe ń ya tákàdá wọn sọ́tọ̀. Ajẹ́lẹ̀ kó àwọn ìwé náà síwájú mi, ó ní, “Yẹ̀ wọ́n wò. Kí n tó lọ jẹun ọ̀sán, kí n mọ èyí tí wọ́n fọ̀.”

Oríṣi tákàdá méjì ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ lásán. Èkejì, wọ́n ti fi ẹfun kùn ún lójú. Bí wọ́n bá fi omi fọ ojú rẹ̀, àwòrán rẹ̀ yóò bá tàdáwà gègé ṣàn lọ. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fọ irú rẹ̀ kó má bàjẹ́. Bí ti ọ̀rẹ́ mi bá jẹ́ ẹlẹ́fun, tí àwòrán wọn sì pé, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ooru omi ti pa dídán wọn, ojú lásán kò lè yà wọ́n mọ́. Fàdákà ló kù. Bí a bá fi fàdákà fa etí ẹlẹ́fun, yóò fi ilà dúdú sílẹ̀ bí ti pẹ́ńsù. Lára tákàdá lásán, kò ní fi nǹkan kan sílẹ̀. Ṣílè tuntun ti gbòde nígbà yẹn, kò sì sí fàdákà nínú rẹ̀ mọ́.

Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wo ọ̀nà Bẹẹrẹ bí ẹni tó ń retí àlejò. Ìyá ọ̀rẹ́ mi, tó ti gbọ́ ọ̀ràn ọmọ rẹ̀, ló wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń ka tẹ̀súbáà. Ó bi mí ohun tí mò ń wá. Nígbà tí mo sọ fún un, ó fi itọ́ pa ìka rẹ̀ títí òrùka fàdákà rẹ̀ fi yọ.

“Gbà á, ọmọ mi. Ṣé òun ni yóò jẹ́rìí?”

“Ìyá, ẹ ṣáà máa ṣàdúà.”

Mo fa ti àkọ́kọ́: dúdú. Mo fa èyí tó tẹ̀lé e: dúdú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ, ọkàn mi sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí mo fi kan ọ̀kan tí kò fọhùn. Mo fa etí rẹ̀ kejì. Funfun báláú. Ọ̀rẹ́ mi dúró lójú fèrèsé, ó ń wo ọwọ́ mi. Ó lè jẹ́ sítáǹpù tó ti pẹ́ nísàlẹ̀ àpótí, tí kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́. Ó sì lè jẹ́ ohun mìíràn. Bí mo bá sọ pé gbogbo wọn ló ní ẹfun, ta ni yóò já irọ́ mi? Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́ nígbà tí ajẹ́lẹ̀ wọlé. Òtítọ́ ló jáde.

“Àwọn wọ̀nyí, ẹnikẹ́ni ò fọ̀ wọ́n rí, sà. Ẹyọ kan yìí, tákàdá lásán ni. Mi ò lè sọ pé wọ́n fọ̀ ọ́, mi ò sì lè sọ pé wọn ò fọ̀ ọ́.”

Ajẹ́lẹ̀ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó ní òun ò lè torí ẹyọ kan rán èèyàn lẹ́wọ̀n. Ó gba àpótí sítáǹpù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, ó ní kó máa da ìwé kọ bíi tèmi. Ìyá rẹ̀ wólẹ̀, ó ń dúpẹ́.

Nígbà tí à ń rìn lọ sí Bẹẹrẹ, ọ̀rẹ́ mi ní, “O dé orí ẹyọ kan yẹn, o dúró. Kí lò ń rò?”

“Mò ń rò pé ó lè jẹ́ àtijọ́ ló kù nínú àpótí.”

“Ìyẹn nìkan?”

Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó gba iwájú mi lọ.

Mo lọ síbi yìgì rẹ̀, mo jẹ, mo mu. A ń kí ara wa títí ó fi kú, ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún mi mọ́. Ó máa ń bí mi nínú tẹ́lẹ̀, torí ẹnu mi ló yọ ọ́. Àgbà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rí ló ń wá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò nílò ẹ̀rí ló ń wá nínú yàrá náà. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ó fọ sítáǹpù yẹn. Kì í ṣe ìyẹn ló ń dà mí láàmú. Ohun tó ń dùn mí ni pé ó rò pé ìgbà tí mo dúró yẹn, ṣe ni mò ń fura sí i. Kò mọ̀ pé irọ́ tí mo fẹ́ pa nítorí rẹ̀ ni mò ń tò lẹ́nu.