Ìkíni Tí A Gbé Bọ̀ Láti Ríga

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí ìyàwó mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá arúgbó kan ló ń tọ́jú ní Brooklyn. Subway méjì, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ló ń wọ̀ débẹ̀ láti ilé wa ní Morris Heights. Ríga, olú ìlú Latvia létí òkun Baltic, ni wọ́n ti bí ìyá náà. Ìròyìn Ríga tí ìyàwó mi ń gbé wálé lójoojúmọ́ ló mú kí ọmọ wa obìnrin ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wa, pé ká lọ fojú ara wa rí i.

Arúgbó náà gbọ́, ó gbé ìborùn tuntun lé ìyàwó mi lọ́wọ́.

"Fún àbúrò mi obìnrin. A ò sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà tí ìyá wa ti kú. Gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wá fún mi lẹ́nu rẹ̀, kí n tó lọ."

Ríga rẹwà, n ò ní purọ́. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sójú títì, àkùkọ wúrà ń bá afẹ́fẹ́ yí lórí ṣóńṣó ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ilé àtijọ́ fara ti ara wọn bí àgbà tó ń rojọ́. Ìyàwó mi ò wo ìkankan. Ìborùn yẹn ló dì mọ́yà.

Àbúrò náà ṣílẹ̀kùn. Ó gbọ́ òyìnbó. Ìyàwó mi tẹ orúnkún, ó jíṣẹ́. Obìnrin náà tú ìborùn wò, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ajá rẹ̀ sì dùbúlẹ̀ lé e.

"Ìyá wa ń pè é títí ẹ̀mí fi bọ́. Kò wá. N kò ní ọ̀rọ̀ kankan fún un."

Ó pa ilẹ̀kùn dé mọ́ wa lójú.

Bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo ní, "Kí lo máa wá sọ fún wọn?"

"Pé àbúrò wọn kí wọn."

"Ta ló kí wọn? Ajá yẹn?"

"Ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín, bàbá. Ta ló ń ti ọ̀dọ̀ ará ilé èèyàn bọ̀ tí kì í mú ìkíni wá?"

Bá a ṣe ń ṣe é nílé ní Abẹ́òkúta nìyẹn. Gbogbo wa là ń gbé ìkíni tí ẹnikẹ́ni ò rán wa. Ẹni tá a gbé e fún mọ̀ bẹ́ẹ̀, á ní "Wọ́n mà ṣeun o," ó parí.

Mo bá a lọ sí Brooklyn lọ́jọ́ tó jíṣẹ́.

"Àbúrò yín kí yín o, Mama. Wọ́n kí yín gan-an ni."

Arúgbó di ọmọdé. Ó béèrè dígí, ó kun ètè bí ẹni pé tẹlifóònù á rí i, ó pe Ríga. A gbọ́ ohùn lọ́hùn-ún: ó tutù, kò pẹ́, ó gé. Ìyá náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè rẹ̀, pupa náà fà dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ó ní ta ló kí mi," ló sọ fún ìyàwó mi. "Ó tún sọ ibi tí ìborùn mi wà."

Kò lé e lẹ́nu iṣẹ́. Bó lé e, ì bá sàn. Láràárọ̀, bí ìyàwó mi bá ti ń bọ́ kóòtù ni yóò gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì:

"Ta ló kí mi lónìí?"

"Kò sí, Mama."

"Rántí dáadáa. Ajá ńkọ́?"

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè láti Abẹ́òkúta nígbà tí mo wà ní balùwẹ̀. Mo jáde, mo ní, "Ṣé wọ́n kí mi?"

Ẹ̀fọ́ ni ìyàwó mi ń já. Kò gbójú sókè.

"Wọn ò dárúkọ yín."