Wáìnì Tí Mo Pè ní Àdàlù

Títí dòní, àwọn kan wà ní Ìfọ́n tí wọ́n ń sọ pé mo mutí yó nílé àna mi. Irọ́ ni. Ẹnu kan péré ni mo gbé mì. Ní báyìí tí kò sí ẹni tó lè ní kí n pa ẹnu mi mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Ọmọ Ìlobù ni mí. Kí a tó gba òmìnira, mo ń ṣe tíṣà ní Ìfọ́n, ọkùnrin kan tí a jọ ń kọ́ni sì fẹ́ fi mí ṣaya. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ mi nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, akọ̀wé ní Ìbàdàn, gbé ìgò wáìnì pupa kan wá sílé wọn lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn. Ó ní irú rẹ̀ ni Ajẹ́lẹ̀ ń mu.

Ó bù ú fún wa díẹ̀díẹ̀ nínú ife tíì. Ìyá wọn fi ahọ́n kàn án, ó fajú ro. Èmi mu tèmi. Ó kọ́kọ́ kan lẹ́nu bí ọsàn tí kò tíì pọ́n, lẹ́yìn náà ó rọ̀, ó wá ń dùn bí àgbálùmọ̀. Nígbà tó yá, mo rí irú ìgò náà ní ṣọ́ọ̀bù kan l'Óṣogbo, láàárín àwọn tí kò wọ́n rárá. Kò dín adùn rẹ̀ kù lẹ́nu mi.

"Tíṣà, ìyàwó wa," ni ẹ̀gbọ́n wí, "ka ohun tí òyìnbó kọ sára ẹ̀ fún wa."

Mo kà á. Wáìnì oríṣi mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀. Mo wá ọ̀rọ̀ kan tí yóò gbé e, mo ní, "Àdàlù ni."

Ìyá wọn, tí etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́rọ̀ mọ́, yíjú sí mi. "Àdàlú? Ẹ̀wà àti àgbàdo ló wà níbẹ̀?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Lọ́jà wa, epo tí oníjìbìtì bu nǹkan mìíràn sí là ń pè ní àdàlù.

Ẹ̀gbọ́n fò dìde. "Èmi ni mo gbé ayédèrú fún ìyá mi? Ọtí ti gùn ún! Ará Ìlobù, ẹ ń bá wa du ilẹ̀, ẹ tún fẹ́ gba iyì mọ́ wa lọ́wọ́. Kúnlẹ̀, kí o sọ pé o ṣì í kà!"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mi ò bú yín. Bí wọ́n ṣe da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lura wọn ló mú un dùn. Ṣùgbọ́n mi ò ṣì í kà."

Mo na ìgò náà sí ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi. Ìwé tí mo kà lòun náà kà. "Ẹ bá mi kà á fún wọn."

Ó wo ara ìgò náà pẹ́ títí. Kò gbójú sókè. "Ṣáà kúnlẹ̀," ló wí, "kí ọ̀rọ̀ lè tán."

Kì í ṣe pé orúnkún ń dùn mí. Mo ti kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn nígbà tí mo wọlé. Ṣùgbọ́n ìyẹn, ìkíni ni. Ká ní mo kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ohun tí mo bá tún fi ojú ara mi rí nínú ilé yẹn ni wọn ì bá máa ní kí n sọ pé mi ò rí.

Mo dágbére fún ìyá wọn, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn dé Ìlobù. Ní ọjọ́ tí wọ́n dá láti wá tọrọ mi, bàbá mi tẹ́ ẹní dè wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi ni mo ká a.