Ìfúnpá tí Nọ́ọ̀sì Wí

Ìgbéraga ló kó bá mi. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ mí wò ní Ṣakí ní, "Màmá, ìfúnpá yín ga." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi ju ẹ̀jẹ̀ ríru tí gbogbo wa ń pè é lọ. Oyún mi ti pé oṣù méje. Ó fún mi ní oògùn, ó ní n kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà ló fi ìka mẹ́ta wọn ọrùn ọwọ́ mi, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ àárín iṣan méjì tó wà níbẹ̀. Ó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ kí ọkàn mi lè fúyẹ́, àmọ́ kò rọ́pò oògùn o.

"Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa bá yín tẹ̀ ẹ́."

Ẹlòmíì wo? Ewúrẹ́ onílé? Ọkọ mi wà ní Parakú, lódìkejì ẹnubodè, níbi tó ti ń tajà.

Mo pè é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. "Wọ́n ní ìfúnpá mi ga. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀."

"Ìfúnpá? Ta ló so ìfúnpá mọ́ ọ lápá?"

Ìfúnpá tí òun mọ̀ ni oǹdè tí àwọn àgbà ń so mọ́ apá, ọkọ mi kì í sì í fi ìrun márààrún ṣeré. "Ṣé ẹbọ lo fẹ́ fi bímọ fún mi ni?" Ó pa fóònù. Ká ní mo pè é padà, kí n wí pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Inú bí mi, n ò pè é. Òun náà ò pè. Olórí kunkun pàdé olórí kunkun.

Mo ń lo oògùn mi. Mo ń tẹ ọwọ́ mi fúnra mi, tọ̀tún tẹ tòsì, tòsì tẹ tọ̀tún. Àdánìkanwà náà dùn mí ju àìsàn lọ. Àwọn aládùúgbò ń kí mi, mo ń dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, ojú mi ń ṣú. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n má dúró rárá. Mo gun ọ̀kadà lọ sí ọsibítù. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Ọmọ náà kéré, ṣùgbọ́n ó ké. Àwọn ará ọsibítù ni wọ́n pe ọkọ mi.

Ó dé lọ́jọ́ kejì. Kó tó bèèrè ọmọ, ó ká apá aṣọ mi sókè, kò rí nǹkan kan. Ìgbà náà ló rí ọrùn ọwọ́ mi, ibi tí mo ti tẹ̀ títí tó fi wú, tó sì dúdú.

"Ibí ni wọ́n so ó mọ́," ló wí.

Mo na ọwọ́ kejì sí i. "Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́."