Okùn Méjì Lára Igi Kan

Àṣìkẹ́ Ọdẹkúnlé ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì nílé ẹ̀kọ́ girama kan l'Áyétòrò, ṣùgbọ́n Ìdógò ni wọ́n ti bí i. Nígbà tó wà ní kékeré, bí ìyá rẹ̀ bá ti lọ sóko, Màmá Mẹ̀dínátù, aládùúgbò wọn, ló ń tọ́jú rẹ̀. Títí di òní, bó bá wálé, ọ̀dọ̀ màmá yìí ló ń kọ́kọ́ yà sí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan lọ́dún tó kọjá, èrò ló bá níbẹ̀. Ìjì ti hú díẹ̀ nínú gbòǹgbò igi afàrá ńlá tó wà lẹ́yìn ilé náà. Igi ti fì sórí òrùlé, ẹ̀ka rẹ̀ ń gbá páànù. Ẹ̀gbọ́n Báyọ̀, tó ń fi ẹ̀rọ gé igi nígbó Ìhunbọ, ti dé, àmọ́ kò tíì tan ẹ̀rọ.

Ó ní, "Bí mo bá gé e báyìí, ilé Màmá ló máa wó lé. Ẹ̀yìn ló yẹ ká fà á sí, àbàtà ló sì wà níbẹ̀. Ta ló máa dúró nínú àbàtà fa igi?"

Àwọn kan ní kí wọ́n fà á sọ́tùn-ún, opó iná wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní òsì, ilé ìdáná Bàbá Mákindé ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ fẹ́ di ariwo.

Àṣìkẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dúró sẹ́bàá àbàtà lọ́tùn-ún àti lósì, ká fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Bí agbára ọ̀tún bá dọ́gba pẹ̀lú tòsì, kò ní tẹ̀lé èyíkéyìí nínú wọn. Àárín ló máa gbà, inú àbàtà."

Báyọ̀ wo igi, ó wo àbàtà. "Ẹ lọ mú okùn wá."

Wọ́n so okùn gígùn méjì mọ́ òkè igi. Àmọ́ àwọn ọlọ́kadà tó taagun ló pọ̀ lọ́tùn-ún. Bí wọ́n ṣe fà á, igi kúrò lórí páànù lóòótọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ opó iná.

"Ẹ rọra! Ẹ dúró bẹ́ẹ̀!" Àṣìkẹ́ figbe ta. Ó ní kí díẹ̀ nínú wọn sáré bọ́ sí òsì. Òun àti àwọn obìnrin àdúgbò náà di okùn òsì mú. Wọ́n tún fà á, igi sì padà sáàárín. Báyọ̀ tan ẹ̀rọ. Kò pẹ́, afàrá ké ràrà, ó ṣubú gbìì sínú àbàtà, ẹrẹ̀ ta sí gbogbo wọn lára.

Màmá Mẹ̀dínátù fọwọ́ kan ògiri ilé rẹ̀ bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. "Alihamudulilahi!" Ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì, lọ́mọdé lágbà, ó ń dúpẹ́. Nígbà tó kan Àṣìkẹ́, ó rí i pé okùn ti bó o lọ́wọ́. Ó wọlé lọ mú òrí wá, ó jókòó tì í, ó sì ń fi pa á lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, àdúrà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀.